Àwọn Tí Anselma Kò Pè

Ní abúlé Fon Zabriko, kò sẹ́ni tó ń gé igi ńlá láìkọ́kọ́ gbé ìkòkò kaná. Bí igi bá fẹ́ wó lu ilé rẹ, wàá sọ fún aládùúgbò kan, ìyẹn á sọ fún ìkejì, tó bá wá di àárọ̀ Sátidé, wàá gbọ́ tí wọ́n ń fun ìwo, wàá rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń yọ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àdá, okùn àti àkàbà. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sanwó ọ̀wẹ̀. Oúnjẹ ni wàá sè, lọ́jọ́ tó bá sì kan ẹlòmíràn, ìwọ náà á yọjú. Òfin náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ tó ń rá kòrò gan-an mọ̀ ọ́n.

Anselma Royer mọ̀ ọ́n ju ọmọ tó ń rá kòrò lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Roseau, láti lọ gba àwọn agégi tó ń fi igi gígé jẹun síṣẹ́, irọ́ ló pa fún awakọ̀. Ó ní ojú ló ń dun òun, òun ń lọ rí dókítà. Awakọ̀ ní Ọlọ́run á bá wọn wò ó. Anselma ṣe àmín, ó yíjú sí fèrèsé, ó ń wo òkun títí wọ́n fi wọ ìlú. Obìnrin tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, tó bímọ, tó sin ọkọ, tó wá ń parọ́ ojú dídùn nítorí igi máńgòrò! Ẹ má dá mi lóhùn.

Igi náà kì í ṣe kékeré ṣá. Bàbá tó bí Norbert ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín, kò sì sí ọmọ kan tí wọ́n bí sí Fon Zabriko tí kò tíì jábọ́ látorí rẹ̀ rí. Àmọ́ ìjì líle tó ṣí òrùlé gbogbo abúlé náà ti fà á ní gbòǹgbò. Láti ìgbà náà ló ti ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀kánkán yàrá tí Anselma ń sùn. Bí òjò bá rọ̀, a tún tẹ̀ sí i. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ a máa ha páànù, obìnrin náà a sì dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, a máa gbàdúrà. Àsìkò ìjì mìíràn sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Dandan ni kí igi yẹn kúrò.

Kí ló wá dé tí kò sọ fún aládùúgbò? Ẹ̀rù ló ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù igi. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á gbé ìkòkò kaná, òun á se ọbẹ̀ tó lè bọ́ odidi agbo ènìyàn, kò sì ní sí ẹyọ ẹnì kan tó máa yọjú. Ọbẹ̀ á tutù, gbogbo abúlé á sì mọ̀ pé ọbẹ̀ Anselma tutù sínú ìkòkò.

Kò ṣàdédé máa bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìjì tí mo wí yẹn, ojúlé sí ojúlé ni wọ́n ń kan òrùlé. Norbert ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, wọ́n sì ní kí wọ́n tètè kan ti opó ná. Lazare, tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tirẹ̀, ló wà lórí òrùlé náà láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́, nígbà tí òun àti Clothilde ìyàwó rẹ̀ ṣì ń sùn lábẹ́ tapólì tó ń jò. Nígbà tó wá kan ilé Lazare, tó yẹ kí Anselma bá àwọn obìnrin dáná, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ Fabien ọmọ rẹ̀ ní erékùṣù Guadeloupe. Ó lóun ò ní pẹ́. Iná mànàmáná wà ní Guadeloupe, omi ń yọ lẹ́rọ, bẹ́ẹ̀dì gbẹ. Ibẹ̀ ni Kérésì bá a. Nígbà tó fi máa padà dé, wọ́n ti kan òrùlé Lazare láìsí òun níbẹ̀. Ó ra páálí bísíkíìtì kan bọ̀ fún Clothilde, ṣùgbọ́n ojú ò jẹ́ kó lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, orí àpótí ló wà tí èèrà fi jẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti fun ìwo ọ̀wẹ̀, Anselma a ti fèrèsé. Lónìí, orí ló ń fọ́ ọ. Lọ́la, ìpàdé ìjọ ló ń lọ. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti Anselma yàtọ̀. Òun tó ṣu gan-an ni kò lè gbàgbé, ojoojúmọ́ ló ń rùn sí i nímú.

Ọ̀gá àwọn agégi náà, Alwin, jẹ́ ọmọkùnrin tó mọ ọ̀wọ̀. Ó gòkè wá wo igi náà lọ́jọ́ kan tí àwọn ará abúlé wà nínú oko, ó yí i ká, ó fọwọ́ gbá a, ó mi orí.

"Màmá, igi yìí ti ń bọ̀ wá bá yín sùn."

"Ìyẹn ni mo ṣe pè yín. Ọjọ́rú ni kí ẹ wá. Ẹ tètè dé. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń wọ abúlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fun fèrè ọkọ̀."

Alwin bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ ká gé igi ni, àbí ẹ fẹ́ ká jí i gbé?"

"Ẹ gé e," Anselma ní. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti ro ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú yẹn dáadáa. Lọ́jọ́rú, orí òkè ni gbogbo ènìyàn máa ń wà nídìí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, igi á ti di ìtì, ìtì á ti wọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, òun á ní ó wó fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpinnu lèèyàn ń ṣe, ọkọ̀ akẹ́rù kò mọ ìpinnu. Lọ́jọ́rú náà, Anselma dúró títí oòrùn fi kan àtàrí, kò rí ẹnì kankan. Ìgbà tó yá, fóònù dún.

"Màmá, ẹ má bínú," Alwin ní. "Ọkọ̀ wa ló bàjẹ́ lọ́nà. Sátidé la máa wá."

"Sátidé kẹ̀! Kò sí ọjọ́ mìíràn?"

"Tí kì í bá ṣe Sátidé, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ṣé igi yẹn lè dúró di oṣù tó ń bọ̀?"

Anselma wo igi, ó wo páànù. Ó ní ó dáa, kí wọ́n máa bọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, ó bẹ Ọlọ́run pé kí òjò rọ̀, kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀. Oòrùn ló yọ, ó mọ́lẹ̀ kedere. Ọkọ̀ akẹ́rù gòkè wá pẹ̀lú ariwo, Alwin àti àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dé akoto, wọ́n fi okùn pẹlẹbẹ pupa yí ẹ̀yìnkùlé ká. Ọ̀kan so ara rẹ̀ mọ́gi, ó gùn ún lọ sókè. Wọ́n wá tan ẹ̀rọ agégi. Ṣé ẹ ti gbọ́ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ké láàárín òkè méjì rí? Á lọ kọlu òkè ọ̀hún, á tún padà wá. Kò sí adití kan ní Fon Zabriko tí kò gbọ́ ọ.

Anselma wọ ilé ìdáná, ó ti fèrèsé. Kẹ́tùrù omi tíì tirẹ̀ nìkan ló wà lórí iná. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ já lulẹ̀, ilẹ̀ mì, abọ́ ró lórí pẹpẹ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Kí wọ́n ṣáà yára, kí wọ́n ṣáà yára." Ló bá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan níwájú ilé.

"Anselma! Ọ̀wẹ̀ ń lọ nílé rẹ, o ò fun ìwo! Ṣé o fẹ́ dá ọbẹ̀ yẹn lá ni?"

Pa Théodule ni, àgbà tó dàgbà jù lágbègbè náà, tí kì í dákẹ́ àfi tó bá sùn. Anselma yọjú láti ihò fèrèsé. Baba náà fi ọwọ́ kan ti ọ̀pá, ó fi èkejì mú àdá, bí ẹni pé ó ṣì lè gé nǹkan kan. Lazare wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kó okùn há èjìká. Clothilde gbé ìkòkò ńlá rù, ó ń fi ọwọ́ kan dì í mú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ láti ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú bẹrẹfúùtù sísun lábẹ́ apá. Wọ́n ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá ń lọ síbi ọ̀wẹ̀.

Anselma di fèrèsé mú. Wọ́n mà wá! Ohun tó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá, irọ́ ni. Inú rẹ̀ ì bá dùn, ká ní kì í ṣe pé àwọn tó sanwó fún ló wà lórí igi.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Clothilde ti ń fọwọ́ nu òógùn.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. A gbọ́ ẹ̀rọ, a ní á jẹ́ pé Màmá ti ń dáná nìyẹn. Lazare ń bèèrè pé ta ló pè wá. Mo ní ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá pè wá? Igi tó fẹ́ pa èèyàn! Ọbẹ̀ Sátidé wa náà ni mo gbé bọ̀, mo ki kókò àti ẹja oníyọ̀ sí i kó lè pọ̀."

Kí Anselma tó rí ohun tó máa sọ, Lazare ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá okùn pupa. Alwin juwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́yìn. Òfin wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọnú okùn. Màmá, ṣé àwọn èèyàn yín nìyí? Ẹ bá wa sọ fún wọn."

"Òfin ta ni?" Pa Théodule ní. "Láti ìgbà wo ni ọ̀wẹ̀ ti ń ní irú òfin yìí?"

"Baba, kì í ṣe ọ̀wẹ̀ o. Iṣẹ́ wa ni. Láti Roseau la ti wá."

Gbogbo wọn yíjú sí Anselma. Ẹ wò ó bó ṣe dúró níbẹ̀, tó ń fọwọ́ wé etí aṣọ rẹ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀ tó lè sọ, kò gùn rárá. Irọ́ ló mú.

"Fabien ni," ó ní. "Ẹ̀yin náà ṣáà mọ Fabien. Guadeloupe ló ti ṣètò ẹ̀. Kò tiẹ̀ bi mí. Èmi náà, àárọ̀ yìí ni mo ṣàdédé rí wọn."

Alwin ò mọ nǹkan kan. Ọmọlúàbí ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé òun déédéé wọ ilé onílé.

"Háà, Màmá! Ẹ̀yin kọ́ lẹ wá sí ọ́fíìsì wa ni? Àga tí mo jókòó lé ni mo dìde fún yín níjọ́sí. Ẹ tiẹ̀ ní ká má fun fèrè ọkọ̀ tá a bá ń wọ abúlé."

"Ọjọ́ tí ẹ ní ojú ń dùn yín yẹn?" awakọ̀ bọ́ọ̀sì bèèrè. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ náà kàn já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, ó sì bo ẹnu kíákíá.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn. Ká ní wọ́n bú u ni, ì bá rí ohun tó máa fi dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ńṣe ni oníkálukú wá nǹkan mìíràn tó ń wò. Pa Théodule, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wo àdá ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra gbé e pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ká mọ́ ohun tí kò dára. Ojú ń tì wọ́n nítorí Anselma. Ìyẹn ló dùn ún dé egungun. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Fon Zabriko kì í ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Clothilde ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò bá Anselma sọ ọ́, Alwin ló dojú kọ.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"A jẹ búrẹ́dì lójú ọ̀nà, Màmá."

Clothilde yọjú wo ilé ìdáná. Ó rí kẹ́tùrù kékeré yẹn tó ń dá nìkan hó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà rẹ tí o kò fún lóúnjẹ, yálà o sanwó fún un tàbí o ò sanwó, èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Anselma rí i pé ó rí i. Ó ń retí pé yóò kígbe síta.

"Ẹ má bínú pé oúnjẹ pẹ́," Clothilde wí fún àwọn agégi náà, ó gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ilé wa ni Màmá ní kí n ti bá àwọn sè é. Ibi ìdáná tiwọn kéré. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ wá jẹ. Màmá, ẹ bá wa kó abọ́ jáde."

Irọ́ tí Anselma pa ti bọ́ ọ sí ìhòòhò, irọ́ Clothilde ló wá daṣọ bò ó. Ó wọlé lọ kó abọ́. Ó kó gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń dún mọ́ra wọn láti ilé ìdáná títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n tan ẹ̀rọ padà. Àwọn ará abúlé jókòó lórí ògiri kékeré tó wà lẹ́yìn okùn pupa, wọ́n gbé àdá lé itan, wọ́n ń wo iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ṣe. Igi náà wó níkẹyìn, ó wó síbi tí wọ́n fẹ́ kó wó sí. Òfìfo ńlá ṣẹ́ kù lójú ọ̀run, oòrùn sì wọ yàrá Anselma láti ibi tí kò ti wọ̀ ọ́ rí. Ewu ti kọjá. Ara Anselma ò sì fúyẹ́ rárá.

Nígbà tí wọ́n ká okùn, gbogbo wọn jùmọ̀ jẹun, àwọn ará Roseau àti àwọn ará abúlé. Ọbẹ̀ náà dùn, Alwin bu ẹ̀ẹ̀kejì. Ó gbé abọ́ lé orúnkún, ó wo àwọn ènìyàn náà yíká, ó wo okùn Lazare tó wà nílẹ̀, tó nípọn ju tiwọn lọ.

"Màmá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí àrífín o. Èèyàn tó pọ̀ tó báyìí! Kí lẹ tún ń wá wa bọ̀ ní Roseau fún?"

Anselma mọ̀ pé bí òun bá tún dárúkọ Fabien, wọn á gbà á, wọn á sì máa jẹun lọ. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́ mọ́.

"Mo rò pé wọn ò ní wá ni," ó ní.

Lazare gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ò kúkú fẹ́ wá, Màmá. N ò ní parọ́ fún yín. Nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rọ, mo ní kí wọ́n máa gé e lọ. Clothilde ló gbé ìkòkò rù, ó ní tí n bá fẹ́ kí n jókòó, òun ń lọ. Ìkòkò yẹn sì wúwo." Ó wo ìkòkò náà. "Nígbà tí òjò ń pa wá yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń wo ojú ọ̀nà. Mo ní Màmá á tó dé. Ẹni tí mo kan òrùlé fún, á tó dé."

"Mo mọ̀, Lazare," Anselma ní. "Ibi tó gbẹ ni mo wà. Mo mọ̀ pé òjò ń pa yín, mo sì jókòó síbi tó gbẹ."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa bọ́. Kò fọwọ́ bojú, kò sá wọlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé láti Guadeloupe, ó dúró níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," Pa Théodule ní. "Ẹ jẹ́ ká jẹun. Ẹ ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ba adùn kókò jẹ́ fún mi, n ò sì ní eyín púpọ̀ mọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn agégi kó irinṣẹ́ wọn sọ́kọ̀, wọ́n lọ. Àwọn ará abúlé pín igi ìdáná láàárín ara wọn, wọ́n dì í, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló kí Anselma pé ó dàbọ̀. Kò sí ẹni tó jókòó tì í.

Clothilde nìkan ló kù. Ó ti ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ abọ́. Anselma yára lọ bá a.

"Fi í lẹ̀, Clothilde. Abọ́ mi ni, èmi ni kí n fọ̀ ọ́."

"Ẹ lọ jókòó, Màmá. Ẹni tó sanwó kì í fọ abọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ tí èèyàn fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́, ohùn tí wọ́n fi ń bá ará ìlú òkèèrè tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀. Anselma rí i pé nínú ọgbà ara òun, nídìí ẹ̀rọ omi òun, òun ti di àlejò. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di abọ́ náà mú. Clothilde ò fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì di abọ́ kan mú, ọṣẹ ń kán sí wọn lẹ́sẹ̀, wọn ò wo ojú ara wọn.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, Clothilde."

"Mo mọ̀."

Ó jọ̀wọ́ abọ́ náà. Anselma fọ̀ ọ́, ó fọ ìyókù, Clothilde ń fi omi ṣàn wọ́n. Wọ́n fọ ìkòkò ńlá náà mọ́, Clothilde ká aṣọ ṣe òṣùká, ó fi lé orí.

"Sátidé tó ń bọ̀, oko Lazare tó wà lókè la fẹ́ ro," Clothilde ní. "Mi ò pè yín o. Mo kàn sọ ọ́ ni."

Anselma nu ọwọ́ tútù mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀. "Kí ni kí n sè wá?"

Clothilde gbé ìkòkò òfìfo náà karí, ó ti dojú kọ ọ̀nà kó tó dáhùn.

"Ìkòkò ò wọ́n wa, Màmá. Ẹ̀yin la ò rí."